Àwọ̀n Tí Kò Ya

Ẹ̀bá Ọ̀sà,
Ọ̀jọ́.

Rẹ̀mílẹ́kún, Àṣàkẹ́ mi,

"Bàbá, kí ni kí n sọ pé mo ń dúpẹ́ fún?"

Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì lẹ́tà rẹ, lẹ́yìn tí o ti béèrè àlàáfíà gbogbo ilé tán, lẹ́yìn tí o ti sọ fún wa bí ọyẹ́ Kàdúná ṣe ń la ètè èèyàn. O kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí bàbá òun rí i. Mo rí i. Láti ọ̀sán àná ni mo ti ń kà á, tí mo ń tún un kà, títí ìyá rẹ fi ní kí n jẹ́ kí ìwé náà sinmi.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kí n lè mọ̀ bóyá ó yé mi. Ọdún kan kò tí ì pé tí o bá ọkọ rẹ kó lọ sókè lọ́hùn-ún nítorí iṣẹ́ réluwé. O bí ọmọ. Ọmọ náà lo ọjọ́ mẹ́ta, ó lọ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Ìwọ fúnra rẹ ṣàìsàn títí wọ́n fi sọ̀rètí nù, o sì padà yè. Nísinsìnyí àwọn ìyá ìjọ ní kí o jáde wá dúpẹ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó bímọ tó sì yè ṣe máa ń ṣe. Wọn yóò pe orúkọ rẹ, wọn yóò ka ohun tí o ń dúpẹ́ fún, ìwọ yóò sì rìn lọ síwájú pẹpẹ. Délé ọkọ rẹ ní bí o kò bá jáde, àwọn èèyàn á ní ò ń bá Ọlọ́run bínú. Ìwọ ní bí o bá jáde, ẹsẹ̀ rẹ yóò máa purọ́ láti orí ìjókòó dé iwájú pẹpẹ, àti pé lẹ́yìn irú irọ́ bẹ́ẹ̀, o kò mọ̀ bóyá o tún lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láyé rẹ.

Ọmọ mi, èmi kọ́ ni ó yẹ kí o bi, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwọ ni o rí ìwé tí mo máa ń kọ èrò ọkàn mi sí lálaalẹ́, nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. O ka ojú ewé kan níbẹ̀, o sì bi mí nídìí oúnjẹ, lójú gbogbo ilé, pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Ṣé ẹnì kankan ń gbọ́?" Ìyá rẹ ní kí o jẹ ẹ̀bà rẹ. Èmi mu omi. Mi ò tí ì dáhùn títí di òní. Bóyá ìdí nìyẹn tí o fi kọ̀wé sí mi, tí o kò kọ ọ́ sí Pásítọ̀.

Ó dára. Mo ti fa àga súnmọ́ tábìlì. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n n óò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ, pẹ̀lú ibi tí mo ti ṣìṣe kí n tó mọ̀ ọ́n.

Èkínní ni èyí: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ tún ọpẹ́ rẹ kọ.

O mọ̀ pé kí ojú mi tó di bàìbàì, èmi ni akọ̀wé ìjọ wa. O mọ àṣà wa níbí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, ẹni tó bá ní ọpẹ́ á wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, á sọ ọ́ lẹ́nu, n óò sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ẹlẹ́yìn pupa yẹn. Èmi náà ni n óò kà á sókè ní ọjọ́ kejì. Bí mo bá ti kà á tán ni onítọ̀hún á dìde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ohùn tèmi ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Èmi ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà kò rò ó pé ẹrù ni wọ́n gbé lé mi lórí. Mo rò pé oyè ni. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ wọn ní ṣákálá, n óò wẹ̀ ẹ́, n óò fi òróró pa á, n óò wọ̀ ọ́ láṣọ. Ẹni tó ní, "Mo dúpẹ́ pé inú ò run mí mọ́," inú ìwé mi ni yóò ti gbọ́ pé òun ń dúpẹ́ "fún ìwòsàn kúrò nínú àìlera ara." Inú wọn sì máa ń dùn. Wọ́n máa ń ní Tíṣà mọ̀wé.

Obìnrin kan wà ní Ìbà, ẹní ló ń hun tà. Ìyá Sámúẹ́lì ni gbogbo ayé ń pè é. Opó ni, Sámúẹ́lì yìí nìkan ló sì bí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọ náà nígbà tó bá àwọn tó ń kó àgbọn lọ sí Èkó wọ ọkọ̀ ojú omi ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Afẹ́fẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Àwọn yòókù lúwẹ̀ẹ́ jáde. Wọ́n wá Sámúẹ́lì fún ọjọ́ méjì, wọn ò rí i. Ní ọjọ́ kẹta ni ará Ègùn kan tó ń dẹ odò rí òkú ọmọ náà láàárín àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n máa ń gbìn sínú omi kí ẹja lè fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ọkọ̀ rẹ̀ kéré, omi sì ń fà. Ó tú aṣọ ìdí rẹ̀, ó fi di ọmọ náà, ó so ó mọ́ ọkọ̀ kí omi má baà gbé e lọ, ó sì wà á dé etí omi wa ní ọ̀sán gangan, tòun ti ìbàǹtẹ́ nìkan, níwájú gbogbo obìnrin tó ń ta ẹja. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá. "Ọmọ yín," ni gbogbo ohun tó sọ. Ó gbé ọmọ náà fún wọn tòun taṣọ, ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, ó lọ.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, Ìyá Sámúẹ́lì fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìbà wá bá mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

"Akọ̀wé, mo ní ọpẹ́."

Mo ti gègé bọ yíǹkì. "Mo ń gbọ́, Ìyá."

"Ẹ kọ ọ́ pé mo dúpẹ́ nítorí aṣọ Ègùn yẹn."

"Aṣọ kẹ̀?"

"Aṣọ ìdí rẹ̀, èyí tó tú. Ó jọ pé aṣọ kan náà ló ní, Akọ̀wé. Ọyẹ́ ń fẹ́ lù ú bó ṣe ń wakọ̀ lọ. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀."

Mo ní ó ti yé mi. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó ti ìwé náà, ojú sì ń tì mí dè é. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa dárúkọ aṣọ ìdí nínú ilé Ọlọ́run? Aṣọ ìdí ọkùnrin, tí kò tilẹ̀ ṣe onígbàgbọ́? Mo fa ìlà sí i. Mo kọ ọ́ pé: "Ìyá Sámúẹ́lì láti Ìbà dúpẹ́ fún dídá tí Olúwa dá ẹ̀mí tirẹ̀ sí, àti fún ìtùnú nínú ìpọ́njú." Mo kà á sí etí ara mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn.

Ní ọjọ́ kejì, mo kà á. Kò sẹ́ni tó dìde. Mo gbé ohùn sókè, mo tún un kà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn. Ohùn kan wá jáde láti ìjókòó àwọn obìnrin:

"Akọ̀wé, mo gbọ́ yín. Kì í ṣe èmi lẹ̀ ń pè."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá, orúkọ yín ni mo kà."

"Orúkọ mi ni, ọpẹ́ mi kọ́. Mi ò tí ì dúpẹ́ fún ẹ̀mí tèmi tó kù. Ọlọ́run náà mọ̀ pé mi ò tí ì dúpẹ́ fún un. Bí mo bá dìde báyìí, á bi mí pé ta ló ní kí n wá purọ́ fóun. Aṣọ ni mo ní kí ẹ kọ."

Ẹ̀rín dá. Katikíìsì wa ìgbà náà, bàbá arúgbó kan tí ó máa ń tòògbé nígbà tí mo bá ń kàwé, la ojú. Ó ní, "Tíṣà, kí ni ìyá ní kí o kọ?"

Mo rọra sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Gbóhùn sókè! Ṣé èmi nìkan ló bá wá ni?"

Mo bá gbóhùn sókè. Mo ní, "Ìyá Sámúẹ́lì dúpẹ́ nítorí aṣọ tí ará Ègùn kan tú ní ìdí rẹ̀, tó fi di ọmọ rẹ̀." Rẹ̀mí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin náà dìde. Kò wọ bàtà. Mo gbọ́ ìró àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì láti ẹ̀yìn dé iwájú, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń kan ìlẹ̀kùn. Ìwọ ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ lọ́jọ́ náà. Mo ti ka ìwé púpọ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, mo sì ti kà púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí mo yá àti èyí tí mo rà, ti àwọn tó gba Ọlọ́run gbọ́ àti ti àwọn tó ní kò sí. Kò sí èyí tó mú kí irun orí mi dìde bí ìró ẹsẹ̀ yẹn. Obìnrin yìí ń bá Ọlọ́run bínú, kò sì fi pamọ́ fún Ọlọ́run pé òun ń bínú. Síbẹ̀ ó rí ohun kan, ẹyọ kan péré, tí òun lè dúpẹ́ fún láìpurọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ìbà nítorí ohun kan náà yẹn.

Ní ọdún keje, ó tún wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó ti ń hewú. Ó ní, "Akọ̀wé, ti ẹ̀mí tèmi ọjọ́sí, ẹ lè wá kọ ọ́ báyìí." Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Nítorí náà bí àwọn ìyá ìjọ bá ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ dè ọ́, bí ó ti wù kí ó dùn tó, dá a padà fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àgbà ni wọ́n, má ṣe yájú sí wọn. Ṣùgbọ́n dá a padà.

Ẹ̀kejì: má jẹ́ kí wọ́n gbé ìbànújẹ́ rẹ sórí òṣùwọ̀n.

Mo mọ̀ pé wọn á ti sọ fún ọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìyá rẹ fẹ́ kí n kọ òwe yẹn sí ọ, mo sì ti kọ ọ́ báyìí. Òótọ́ ni. Ìwọ ni agbè, gbogbo wa ní Ọ̀jọ́ níbí sì ń fọwọ́ kan ọ́ láti òkèèrè láti mọ̀ pé o kò fọ́. Ṣùgbọ́n agbè ló mọ bí omi náà ti wúwo tó. Kò yẹ kí ẹni tí kò rù ú máa sọ iye tó wọ̀n.

Èmi náà ti sọ irú rẹ̀ rí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún, bàtà mi ń dán, nígbà tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ jó ilé àti àká àgbẹ̀ kan ní Okokomaiko. Ìjọ ní kí n lọ kí i. Mo bá bàbá náà níbi tó jókòó lórí odó tó dojú dé, eérú lórí, eérú lẹ́sẹ̀. Mo tẹríba díẹ̀, kí ṣòkòtò mi má baà dọ̀tí, mo ní, "Bàbá, ẹ dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó wò mí. "Tíṣà kékeré, jókòó. Ṣé o rí ilé yẹn?"

"Mo rí i, Bàbá."

"Kí ló kù níbẹ̀ tí ìbá tún jó kó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

Mo ronú. Mo ní, "Ẹ̀yin, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Ó dáa. Bí ilé tìrẹ bá jó, èmi náà á nu bàtà mi, màá wá kí ọ bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ké láti ẹ̀yìn igi pé, "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ o jàre, ìwé ló ń yọ ọ́ lẹ́nu!"

Ìwé ló ń yọ mí lẹ́nu lóòótọ́. Àwọn aládùúgbò tó kó koríko àti ọ̀pá wá ní ọjọ́ kejì kò sọ pé kí ó dúpẹ́ fún ohunkóhun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí òrùlé gorí ilé ni bàbá náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyìn fúnra rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́.

Ti ìgbẹ́kẹ̀lé ńkọ́? O kò bi mí ní èyí, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú ohun tí o kò kọ. O fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé Ẹni tó dákẹ́.

Mi ò mọ̀, Àṣàkẹ́. Mo kàn lè sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún ọ. Ní ìgbà ọ̀dọ́ mi, kùrukùru ọyẹ́ bò wá mọ́lẹ̀ lójú ọ̀sà nígbà tí à ń lọ sí Èkó. Mi ò rí imú ọkọ̀. Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: a ti ṣìnà, ẹ jẹ́ kí a padà, ibo là ń lọ, ẹ̀yin náà ò mọ ibi tí a wà! Awakọ̀ wa fara balẹ̀ títí mo fi mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹnu mọ́ kí n lè gbọ́ òkun." Etí ló fi ń wakọ̀. Bí ìró òkun bá ti wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó mọ̀ pé ìlà oòrùn lòún dojú kọ, pé Èkó ń bẹ níwájú. Mo pa ẹnu mọ́. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ: ìró kan bí ẹni tó ń mí nínú oorun, láti ibi jíjìnnà réré. Ó ti ń bẹ níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń pariwo.

N kò ní parọ́ fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún mi ní gbogbo òru tí mo bá jókòó sídìí ìwé mi. Ọ̀pọ̀ òru ni mo dákẹ́ tí mi ò gbọ́ nǹkan kan àyàfi àyà ara mi. Ṣùgbọ́n nítorí ọjọ́ kan yẹn lójú ọ̀sà, mi ò lè sọ ọ́ tọkàntọkàn mọ́ pé ohun tí mi ò gbọ́ kò sí.

Mo fẹ́ bọ́ sórí ohun tó mú kí lẹ́tà yìí gùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni.

O mọ ìdí tí o fi ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún. O mọ̀ pé ọkùnrin kan ṣáájú rẹ, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. A ti sọ ọ́ lórúkọ, a ti jẹ oyin àti iyọ̀ rẹ̀, kó tó lọ ní ọjọ́ kejì. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ìyá rẹ jáde fún ìdúpẹ́ lẹ́yìn ogójì ọjọ́, èmi kò sì bá a jáde. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, mo ṣí ìwé ẹlẹ́yìn pupa náà, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo ní, "Kí ni kí n kọ?" Ó wò mí, ó ní, "Ẹ fi àyè sílẹ̀." Ní ọjọ́ kejì, mo ka orúkọ rẹ̀, "Ìyàwó Tíṣà dúpẹ́," mo sì dákẹ́, nítorí kò sí nǹkan kan níwájú. Òun nìkan ló rìn lọ. Èmi jókòó sídìí tábìlì akọ̀wé bí adájọ́. Lọ́kàn mi, mo ní ọjọ́ tí Ọlọ́run bá ṣàlàyé ara rẹ̀ fún mi ni n óò kọ nǹkan sí àyè náà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyí. Àyè náà ṣófo síbẹ̀.

Àná, lẹ́yìn tí mo ti ka lẹ́tà rẹ sókè fún ìyá rẹ, mo lọ tú àpótí, mo sì gbé ìwé náà tọ̀ ọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ń se òróró àgbọn lọ́wọ́. Mo fi ìka sí ibẹ̀. Mo ní, "Ìyá Rẹ̀mí, kí ni o fẹ́ kí n kọ síbí lọ́jọ́ yẹn?"

"Ṣebí mo ní kí ẹ fi àyè sílẹ̀."

"Ó ti pẹ́ jù."

"Ẹnu mi ò kúkú di. Ẹ ò tún bi mí mọ́." Ó ro ìkòkò rẹ̀. "Ṣé ẹ rántí Bàbá Làsísì?"

Bàbá Làsísì kú kí o tó mọ èèyàn. Ìmàle ni, apẹja ni, ilé rẹ̀ ni ó kángun sí tiwa. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, nítorí àwa òbí kò gbọdọ̀ mọ ibẹ̀, títí ó fi kú kò sì sọ ibẹ̀ fún ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ó gbé àwọ̀n rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa láràárọ̀ fún ọjọ́ méje, ó jókòó, ó ń tún un ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sọ gbólóhùn kan. Àwọn ará ìjọ ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń gbàdúrà. Òun kò gbé ojú sókè. Inú bí mi sí i gan-an. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi nígbà náà pé aládùúgbò wa kò rí ibòmíràn tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe ju ẹnu ọ̀nà ọlọ́fọ̀ lọ.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ. Ó gbé igi tó fi ń ro ìkòkò sílẹ̀.

"Àwọ̀n wo ló ń tún ṣe? Àwọ̀n yẹn kò ya. Tuntun ni. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Bó bá ti so ojú mẹ́ta, á fa ọ̀bẹ yọ, á já mẹ́rin, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í so ó. Ọjọ́ méje ló fi ń ba àwọ̀n tuntun jẹ́ kó lè rí ohun tí á máa fi jókòó tì wá."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin ń kàwé."

Ó tún ro ìkòkò. Ó ní, "Nítorí àwọ̀n yẹn ni mo ṣe jáde lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín. Ẹ máa tún un kọ. Ẹ máa sọ ọ́ di ìtùnú nínú ìpọ́njú. Ni mo bá ní kí ẹ fi àyè sílẹ̀."

Àṣàkẹ́ mi, láti ìgbà náà ni nǹkan kan ti mú mi lọ́wọ́ tí kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́. Mo ti ń wá ìdáhùn nínú ìwé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi fún ọjọ́ méje, mo ń fi ẹsẹ̀ dá a kọjá. Kì í ṣe ìdáhùn sí ìdí tí ọmọ fi kú. Èyíinì, mi ò rí i, mi ò sì ní fẹ́ràn ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ti rí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mi àtijọ́, èyí tí o kà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, bóyá ẹnì kankan ń gbọ́: ẹnì kan gbọ́. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń fi ọ̀bẹ já iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó má baà ní ìdí láti dìde. Bàbá Làsísì kò sọ pé ẹnikẹ́ni rán òun. Bí a bá rán an, ta ni Ẹni tó ń rán irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Bí a kò bá sì rán an, ibo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wọ inú èèyàn? Ọ̀nà yòówù kí n gbà, ibì kan náà ló ń gbé mi dé. Ó pẹ́ tí mo ti ń kúnlẹ̀ nítorí pé àsìkò ìkúnlẹ̀ tó. Lánàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òróró, mo kúnlẹ̀ láìsí ẹni tó ní kí n kúnlẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n má jẹ́ kí aṣọ mi kan iná.

Ohun tí n óò sọ fún ọ nípa Ọjọ́ Ìsinmi yẹn nìyí.

Nínú lẹ́tà rẹ, ní ojú ewé àkọ́kọ́, ibi kan wà tí o kọ nǹkan kọjá láìwẹ̀yìn, gbólóhùn kan péré, nípa ẹnì kan àti ohun kan tó ṣe. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ yìí. Mo fẹ́ fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ kí n sì kọ ọ́ fún ọ pé, "Òun nìyí, Rẹ̀mí, sọ èyí." Mo ti gbé gègé. Mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ti fi ìgbà kan tún ọpẹ́ obìnrin kan kọ rí. N kò ní kọ tìrẹ fún ọ.

Bí o bá rí i fúnra rẹ, bó ti wù kó kéré, bó ti wù kó ṣe àjèjì létí àwọn ìyá ìjọ, jẹ́ kí wọ́n kà á bó ṣe rí, kí o sì rìn. Kò dìgbà tí o bá dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Ohun tí inú rẹ kò tí ì gbà, fi àyè sílẹ̀ fún un. Ọlọ́run tí mo mọ̀ díẹ̀díẹ̀ yìí kì í bínú sí àyè tó ṣófo. Bí o kò bá sì rí nǹkan kan kí ọjọ́ náà tó pé, jókòó. Sọ fún Délé pé èmi ni mo ní kí o jókòó, kí ó wá bá mi jà. Ẹni tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò purọ́ kò kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n lọ, ọmọ mi. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́. Lọ, kí o wà níbẹ̀.

Bóyá o dìde, bóyá o jókòó, mọ̀ pé ní Ọjọ́ Ìsinmi kan náà yẹn, ní Ọ̀jọ́ níbí, èmi àti ìyá rẹ yóò dìde. Mo ti ránṣẹ́ sí akọ̀wé tuntun. Ọ̀dọ́ ni, ó fẹ́ràn gbólóhùn ńláńlá. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ohun tí mo bá kọ. N óò sì lọ sí ilé àwọn ọmọ Bàbá Làsísì lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun, kí n sọ fún wọn ohun tí bàbá wọn ṣe, nítorí ó dá mi lójú pé kò sọ fún wọn.

Ohun tí a ó kà nìyí. Mo kọ ọ́ sí àyè tó ṣófo náà ní ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú yíǹkì tuntun, ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi bí ọlọ́pàá:

"Tíṣà àti ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́ nítorí àwọ̀n tí kò ya."

Ó ní kí n má fi kún un. Mi ò fi kún un.

Ó ní kí n sọ fún ọ pé òróró àgbọn wà nínú páálí tó bá lẹ́tà yìí wá, ìgò méjì, kí o máa fi pa ètè àti ẹsẹ̀ rẹ nítorí ọyẹ́. Ẹja yíyan wà nínú ewé. Aṣọ àdìrẹ tó wà nísàlẹ̀, tirẹ̀ ni, èyí tó fi pọ̀n ọ́. Kò sọ ohun tí o máa fi ṣe. Ó kàn ká a, ó tú u, ó tún un ká.

Àwọn ọlọ́kọ̀ Èkó ti ń pe ara wọn létí omi. Ojú fèrèsé ti funfun, mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti ibi tí mo jókòó, àti ẹ̀gbẹ́ ògiri tí Bàbá Làsísì jókòó sí fún ọjọ́ méje yẹn. Mo ti pa fìtílà.

Bàbá rẹ.